Ohio State àti Michigan: kí la fẹ́ fi wé wọn kí Sátidé tó dé?

Ọmọ Odò Ọ̀nà béèrè:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mo gbé wá, èyí tí wọ́n ń gbé máyà sáré, tàwọn yunifásítì. Lọ́jọ́ Sátidé tó bá tẹ̀lé Thanksgiving, ìyẹn ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, Ohio State àti Michigan á tún forí gbárí, àríyànjiyàn sì ti gba gbogbo ibi kan.

Ohun tó rú mi lójú ni bí èèyàn ṣe ń fi ẹgbẹ́ méjèèjì wé ara wọn. Àwọn kan á ka iye ìdíje tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti borí. Àwọn mìíràn á gbé quarterback kan, ìyẹn ẹni tó ń darí ìkọlù tó sì ń ju bọ́ọ̀lù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, ti ọdún 2024 ì bá má rí bó ṣe rí. Ohio State ti borí mẹ́wàá, ẹyọ kan péré ni wọ́n pàdánù; Michigan borí mẹ́fà, wọ́n pàdánù márùn-ún. Columbus, nílé Ohio State, ni wọ́n ti gbá a. Michigan ló borí pẹ̀lú 13 sí 10. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ohio State yẹn kan náà gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè.

Mo mọ òfin rẹ̀ níwọ̀nba: down mẹ́rin, ìyẹn ìgbìyànjú mẹ́rin, láti fi rin yáàdì 10; touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù wọ ilé ọ̀tá, àmì 6, wọ́n sì lè fẹsẹ̀ gbá ẹyọ kan kún un kó di 7; field goal, ìyẹn fífẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó, àmì 3. Ohun tí mo ń wá ni ohun téèyàn lè fojú ara rẹ̀ yẹ̀ wò láti Ọjọ́ Ajé títí di àárọ̀ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn dáhùn.

Baba Ìlà Iwájú dáhùn:

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ fi quarterback sílẹ̀ ná. Àwọn márùn-ún tó ń dúró níwájú rẹ̀, ìyẹn center kan, guard méjì àti tackle méjì tí a ń pè ní ìlà iwájú, pẹ̀lú àwọn géńdé tó dojú kọ wọ́n, ọwọ́ wọn ni ìdíje yìí máa ń wà.

Ẹ wo 2024 tẹ́ ẹ mẹ́nu bà yẹn. Josh Simmons, tackle apá òsì Ohio State, ti fi orúnkún ṣèṣe nínú ìdíje Oregon lóṣù Kẹwàá. Seth McLaughlin tó jẹ́ center wọn tún fi iṣan gìgísẹ̀ ṣèṣe lóṣù Kọkànlá, nígbà tó ku díẹ̀ kí ti Michigan dé. Ẹni méjì ló lọ, ṣùgbọ́n ipò tó dàrú ju méjì lọ: Donovan Jackson tó jẹ́ guard bọ́ sípò tackle, Carson Hinzman lọ sí center, wọ́n sì tún wá ẹlòmíràn dí àyè guard. Ta ló wá dúró níwájú wọn lọ́jọ́ náà? Mason Graham àti Kenneth Grant, àwọn méjì tí NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, mú ní ìpele àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún 2025.

Ìgbà 26 ni Ohio State gbé bọ́ọ̀lù sáré, yáàdì 77 ni wọ́n rí. Ẹ pín in, kò pé yáàdì 3 lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ tó bá ń rí yáàdì 3 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti lo down mẹ́ta, yáàdì 9 ló wà. Yáàdì kan tó kù yẹn ló máa ń mú kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù padà fún ọ̀tá. Michigan ní tiwọn rí yáàdì 172 nílẹ̀, Kalel Mullings nìkan rí 116 nínú rẹ̀. Quarterback wọn, Davis Warren, kò ju yáàdì 62 lọ ní gbogbo ọjọ́, wọ́n sì já bọ́ọ̀lù méjì gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé quarterback sẹ́gbẹ̀ẹ́ quarterback kò lè rí èsì yẹn rárá.

Kí ló dé tí pípààrọ̀ ipò fi ń dunni tó bẹ́ẹ̀? Center ló ń wo bí ọ̀tá ṣe tò, òun ló ń ké sí àwọn mẹ́rin yòókù nípa ẹni tí kálukú máa mú. Tí ohùn yẹn bá yí padà, ẹnì kan á ṣáájú bọ́ọ̀lù mira, ìyà rẹ̀ sì ni yáàdì 5. Èyí tó burú jù ni ti àwọn ọ̀tá méjì tó ń gba ọ̀nà ara wọn kọjá: ọ̀kan á yà sínú, èkejì á gba ẹ̀yìn rẹ̀ yí jáde. Guard àti tackle gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn fún ara wọn láìsọ̀rọ̀. Àwọn tí kò tíì gbá pọ̀ pẹ́ máa ń dì mọ́ ẹnì kan náà, èkejì á sì lọ bá quarterback láìsí ẹni tó dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ sì ni guard kì í ṣe tackle. Tackle ń pàdé àwọn tó yára jù ní gbangba, apá gígùn àti ẹsẹ̀ tó yá ló nílò, guard sì lè fi agbára nìkan ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ center dáadáa, kó wá ìdíje Michigan ọdún 2022, kó tẹjú mọ́ Olusegun Oluwatimi. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá fún wa. Ó gba ẹ̀bùn Rimington tí wọ́n ń fún center tó dára jù, ó tún gba Outland, ẹ̀bùn ẹni tó dára jù láàárín ìlà, lọ́dún kan náà, Michigan sì fi 45 sí 23 na Ohio State ní Columbus.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé, ẹ kọ orúkọ márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje mẹ́ta tó kẹ́yìn fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ àti ipò bá dúró bákan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dáa. Bí ẹnì kan bá ti kúrò ní guard bọ́ sí tackle, ẹ fi àmì sí i. Bí center bá yí padà, ẹ fi àmì méjì.

Ní ti yáàdì tí wọ́n gbé sáré, ohun méjì ló ń tan èèyàn. Nínú ìṣirò yunifásítì, bí wọ́n bá gbé quarterback ṣubú lẹ́yìn ìlà, yáàdì tó sọnù yẹn ni wọ́n ń yọ nínú yáàdì ìsáré ẹgbẹ́ rẹ̀. NFL kì í ṣe bẹ́ẹ̀, inú yáàdì bọ́ọ̀lù jíjù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ká ní ìwé sọ pé ẹgbẹ́ kan sáré ìgbà 30, wọ́n rí yáàdì 120: yáàdì 4 lẹ́ẹ̀kan. Tí 4 nínú 30 yẹn bá jẹ́ gbígbé quarterback ṣubú, tí wọ́n fi pàdánù yáàdì 28, òótọ́ ibẹ̀ ni ìgbà 26 fún yáàdì 148, ìyẹn yáàdì 5.7 lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá nìyẹn.

Ohun kejì ni ìsáré gígùn. Lọ́dún 2022, yáàdì 252 ni Michigan rí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n Donovan Edwards sáré 75 lẹ́ẹ̀kan, ó tún sáré 85, méjèèjì ní ìdá mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ẹ yọ méjì yẹn, 92 ló kù fún gbogbo ọjọ́. Kí ẹ tó pín yáàdì ẹgbẹ́ kankan, ẹ yọ ìsáré méjì tó gùn jù kúrò, kẹ́ ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù. Ti 2021 ni kò nílò irú àyọkúrò bẹ́ẹ̀: Michigan 297, Ohio State 64, Hassan Haskins gbé touchdown márùn-ún wọlé. Ìlà iwájú ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Aṣírò dáhùn:

Baba ti sọ ti ìlà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí i, torí àwọn èèyàn kì í kà á sí. Lọ́dún 2024 kan náà, Ohio State tàsé field goal méjì tí kò tó yáàdì 40. Àmì 6 nìyẹn nínú ìdíje tí wọ́n fi àmì 3 pàdánù. Dominic Zvada ti Michigan gbá èyí tó jìn ní yáàdì 54 wọlé, ó sì tún gbá ti yáàdì 21 tó parí ọ̀rọ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 45.

Bẹ́ ẹ bá ń wo ìdíje, ẹ fi 17 kún iye yáàdì tó kù láti ibi tí bọ́ọ̀lù wà dé ilé ọ̀tá, ẹ ó mọ bí field goal náà ṣe jìn tó. Mẹ́wàá ni jíjìn àgbègbè touchdown tí òpó dúró sí lẹ́yìn, méje ni wọ́n ń jù ú sẹ́yìn. Bí wọ́n bá dá wọn dúró ní yáàdì 25, field goal 42 ni. Ẹ má kàn wo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí agbábọ́ọ̀lù náà ní. Ẹ ya ti abẹ́ 40 sọ́tọ̀, ti 40 sí 49 sọ́tọ̀, ti 50 lọ sókè sọ́tọ̀. Ẹ sì wo igun tó ti gbá a: ìlà méjì tó wà láàárín pápá yunifásítì fi ẹsẹ̀ bàtà 40 jìnnà síra, ti NFL kò ju 18 ààbọ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá wà létí ìlà lápá òsì á fún un ní igun tó mú gan-an, àgàgà nígbà tó bá súnmọ́ òpó. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá a kì í ní ìṣòro kan náà lápá méjèèjì.

Ìṣirò míì tó ń tanni ni ti yáàdì 20 tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní red zone. Ìwé á sọ pé ẹgbẹ́ kan ṣe àṣeyọrí 100 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka field goal mọ́ àṣeyọrí! Ẹgbẹ́ tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin tó gbá field goal mẹ́rin, 100 ni, àmì 12 ló rí. Ẹgbẹ́ tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin tó gba touchdown mẹ́ta tó sì jáde lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀kan, 75 ni, àmì 21 ló rí. Ẹ pín àmì sí iye ìgbà tí wọ́n wọlé. Bó bá ti wà lábẹ́ 4, ẹ̀rù yẹ kó ba àwọn olólùfẹ́ wọn. Lọ́dún 2025 ní Ann Arbor, nílé Michigan, gbogbo àmì 9 tí Michigan rí ló jẹ́ field goal. Ohio State fi touchdown dáhùn, ó sì parí sí 27 sí 9.

Ọmọ Odò Ọ̀nà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń mọ ẹni tó ṣèṣe? Àwọn kóòṣì kì í la ẹnu. Àti pé aago mélòó ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí nílé?

Ìyá Èjìrẹ́ dáhùn:

Àbúrò, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí ohun tí kóòṣì bá sọ lọ́jọ́ Ajé. Big Ten, líìgì tí àwọn méjèèjì wà, ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ àwọn tí kò ní gbá jáde, ó pẹ́ tán wákàtí méjì kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán gangan lágogo ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń gbá a, ìyẹn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, aago márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nílé, orúkọ á ti jáde. Èyí tí wọ́n bá kọ pé kò dájú, ẹ wò ó nígbà tí wọ́n bá ń na ara. Ẹ wo márùn-ún tó bá kọ́kọ́ tò pọ̀ pẹ̀lú quarterback àkọ́kọ́, torí àwọn yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan wà tó ń fo ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá lé jáde nítorí targeting, ìyẹn fífi orí tàbí èjìká kọlu orí ẹlòmíràn, bó bá ṣẹlẹ̀ ní ìdajì kejì, títí di sáà 2025 kì í gbá ìdajì àkọ́kọ́ ìdíje tó tẹ̀lé e; ẹ wádìí bóyá òfin yẹn ṣì dúró. Ẹ padà lọ wo ìdíje Sátidé tó ṣáájú. Bí wọ́n bá lé ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá jáde ní ìdá kẹta tàbí ìkẹrin, ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ yẹn ni àyè rẹ̀ lè ṣí sílẹ̀, kóòṣì ọ̀tá sì ti mọ̀.

Ní ti ojú ọjọ́, yìnyín ń dẹ́rù bani ju bó ṣe ń ṣe ìpalára lọ. Afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Nínú yìnyín, ẹni tó ń sá mọ ibi tó ń lọ, ẹni tó ń lé e kò mọ̀, ó lè yọ̀ ṣubú. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ gidi, bọ́ọ̀lù jíjù tó gùn àti field goal ló ń bà jẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ ìlà iwájú tí Baba sọ. Èyí tó burú jù nínú ìtàn ìdíje yìí ni ti 1950 ní Columbus: ìjì yìnyín jà, Michigan gbá bọ́ọ̀lù padà nígbà 24, wọn ò rí first down kankan, ìyẹn yáàdì 10 tó ń fúnni ní down mẹ́rin tuntun, síbẹ̀ wọ́n borí, 9 sí 3. Ẹ máa wo bí afẹ́fẹ́ ṣe máa fẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ti Ọjọ́bọ̀ kò ní láárí.

Ẹ tún fi aago sọ́kàn. Láti 2023, aago kì í dúró mọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ bá rí first down, àfi ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó bá ń sáré bọ́ọ̀lù lè jókòó lé e fún ìṣẹ́jú méje, mẹ́jọ. Bí iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù bá dín kù, ẹgbẹ́ tí kò lágbára tó ló ń jàǹfààní, torí àṣìṣe kan ṣoṣo ẹgbẹ́ ńlá á wúwo, kò sì ní sí àkókò láti tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Michigan ṣe ti 2024.

Kò Gbà Bẹ́ẹ̀ dáhùn:

Ẹ jọ̀ọ́ Baba, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò gbà pé ìlà iwájú ló ni gbogbo rẹ̀. Ní 2022 tẹ́ ẹ mẹ́nu bà, kí Edwards tó sá ìkankan nínú méjì yẹn, J.J. McCarthy, quarterback Michigan, ti ju bọ́ọ̀lù touchdown yáàdì 69, ó ti ju ti 75, ó ti ju ti 45. Bọ́ọ̀lù jíjù ló já ìdíje yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ ká wò ni ibi tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, kì í kàn ṣe iye ìgbà. Ní 2023, Will Johnson ti Michigan já bọ́ọ̀lù Kyle McCord, quarterback Ohio State, gbà, ó gbé e dé yáàdì 7 Ohio State, Michigan sì gbé e wọlé. Ìdíje yẹn parí sí 30 sí 24. Ní 2024, Michigan já ti Will Howard, quarterback Ohio State nígbà yẹn, gbà, wọ́n gbé e dé yáàdì 2, Mullings gbé e wọlé. 13 sí 10. Ẹ yọ àmì 7 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wo ẹni tó borí. Ìdíje méjì, àṣìṣe kan náà, ibì kan náà: bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù láti ẹ̀bá ilé ara wọn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wé wọn, ẹ wo ibi tí quarterback ti ń ju bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá wà lábẹ́ yáàdì 20 tiwọn. Ṣé ó ń jù ú sáàárín ni, àbí ó ń jù ú sétí pápá níbi tí kò léwu? Ẹ sì ya bọ́ọ̀lù tó já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sá sọ́tọ̀. Mímú kó já bọ́ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó máa gbé e nílẹ̀, oríire ló pọ̀ níbẹ̀, torí bọ́ọ̀lù yẹn ò rí róbótó, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa ta sí. Ẹgbẹ́ tó mú kó já bọ́ nígbà 12 tó gbé 10 nínú rẹ̀ kò ní máa rí bẹ́ẹ̀ títí. Ẹ ka 12, ẹ fi 10 sílẹ̀.

Baba Ìlà Iwájú:

Ọ̀rọ̀ yáàdì 7 àti yáàdì 2 yẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò sí nínú èyí tí mo kọ, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ padà sí 2022. Kí ló dé tí àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù McCarthy fi wà ní òfo bẹ́ẹ̀? Ohio State kó èèyàn síwájú, wọ́n fi ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Nítorí kí ni? Nítorí yáàdì 297 ti 2021. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá tàsé ẹyọ ẹnì kan, kò sí ẹlòmíràn láàárín ẹni náà àti ilé. Ìdí kan náà ni Edwards fi rí 75 àti 85: ó kọjá àwọn tó wà níwájú, pápá sì ṣófo. Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo ìdíje méjì tó kẹ́yìn fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye èèyàn tí wọ́n ń kó síwájú lórí down àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tó lè fi mẹ́fà tàbí méje dá ìsáré dúró ní èèyàn tó pọ̀ tó láti ṣọ́ ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ tó nílò mẹ́jọ kí ó tó lè dá a dúró ti ya ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ọmọ Odò Ọ̀nà:

Ó yé mi wàyí. Ẹyọ kan ló kù: bí wọ́n bá gbá ọ̀mì ńkọ́? Ṣé ohun kan wà téèyàn lè wò ṣáájú fún ìyẹn náà?

Aṣírò:

Ọ̀mì ti kúrò nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì láti 1996. Èyí tó dun àwọn àgbà jù ni 10 sí 10 ti 1973. Ní báyìí, nínú àfikún àkókò, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba bọ́ọ̀lù láti yáàdì 25 ọ̀tá. Ní ìpele kejì, ẹni tó bá gba touchdown gbọ́dọ̀ lọ fún àmì 2, kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ gbá ẹyọ kan. Láti ìpele kẹta, kò sí touchdown mọ́: kálukú á kàn máa gbìyànjú àmì 2 láti yáàdì 3, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun téèyàn lè wò ṣáájú wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ ka iye ọ̀nà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti lò láti yáàdì 3 wọlé látìgbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, ìgbìyànjú àmì 2 àti touchdown tó ti yáàdì 3 wá. Èyí tí wọ́n ti lò lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tá ti rí i nínú fídíò. Ẹgbẹ́ tó ní quarterback tó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá ní èèyàn kan lé sí i níbẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù fúnni náà lè gbé e lọ. Lọ́dún 2016 ní Columbus, nínú àfikún kejì, J.T. Barrett tó jẹ́ quarterback Ohio State fúnra rẹ̀ ló gbé e lórí down kẹrin tó ku yáàdì kan. Àwọn adájọ́ ní ó dé ibi tó yẹ, títí di òní àwọn Michigan kò gbà pé ó dé ibẹ̀. Ìgbà tó tẹ̀lé e ni Curtis Samuel sáré yáàdì 15 wọlé, ó di 30 sí 27.